Eku, ikán àti ìdun nínú ilé àyágbé: ta ni yóò sanwó oògùn, onílé ni àbí ayálégbé?

Aránṣọ kan gba yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé kan ní Mushin. Ó ń sùn nínú ọ̀kan, ó ń ránṣọ nínú èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí àpò tó kó aṣọ àwọn oníbàárà sí, àfi bó ṣe rí i pé eku ti gé léèsì aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ lò ní Sátidé sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ni léèsì ní kó san owó òun. Aránṣọ gba ọ̀dọ̀ onílé lọ. Onílé ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń kó oúnjẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin lẹ pe eku wá." Aránṣọ náà fèsì pé, "Bàbá, inú sílíìnì yín ni wọ́n ń gbé. Gbogbo alẹ́ la máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn." Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibi tó sì máa ń parí sí ni kóòtù tàbí kí wọ́n má bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹni tí kò ṣòwò lè fi í ṣẹ̀rín. Àmọ́ lójú ẹni tó ń fi ibi tó ń gbé ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, tí àwọn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra láàárín àwọn oníṣòwò kéékèèké, ọ̀rọ̀ owó ni: léèsì tó fẹ́ san, oníbàárà tó fẹ́ bá ẹlòmíràn lọ, owó oògùn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ yọ lápò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún onílé tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ yàrá mẹ́jọ. Ilé yẹn ni òwò tirẹ̀. Owó tó bá ná sórí oògùn, inú èrè ọdún yẹn ló ti máa yọ ọ́, igi òrùlé tí ikán bá sì jẹ tán, òun náà ni yóò tún un rà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí tọ̀tún tòsì mọ̀ ni pé òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 lásìkò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, kò dárúkọ eku, kò dárúkọ ikán, kò sì dárúkọ ìdun. Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé onílé ni yóò fín oògùn, tàbí pé ayálégbé ni, yóò wá a títí, kò ní rí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí òfin gbé lé oníkálùkù lọ́wọ́, inú iṣẹ́ yẹn sì la ti ń mú ìdáhùn jáde.

Abala keje òfin náà sọ pé kí ayálégbé tọ́jú ibi tó gbà kó wà ní ipò tó ṣeé gbé, yàtọ̀ sí gbígbó tí ohun gbogbo máa ń gbó. Ó ní bí ìbàjẹ́ ńlá bá ṣẹlẹ̀ sí ara ilé, kí ayálégbé fi tó onílé létí láìjáfara. Abala kẹjọ kọjú sí onílé. Ó ní kí onílé máa tún ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe, kí ó má sì dí ayálégbé lọ́wọ́ láti gbádùn ilé tó sanwó rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Nítorí náà, òrùlé, ògiri ìta, pásẹ́ẹ̀jì, ilé ìdáná àjọlò, balùwẹ̀ àjọlò, gọ́tà àti sọ́kàwéè, ọrùn onílé ni. Inú yàrá tàbí inú fúláàtì tí ayálégbé ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọrùn ayálégbé ni. Sílíìnì ńkọ́? Nínú ilé tí èèyàn púpọ̀ ń gbé, kò sí ẹni tó gba àjà òrùlé lọ́wọ́ onílé. Bí eku bá sọ ibẹ̀ di ilé, ó ṣòro kí onílé tó lè sọ pé kò kan òun.

Ìlà yìí ni kóòtù yóò wò bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ ohunkóhun. Bí àgírímẹ́ǹtì bá sọ ọ́, ohun tí ẹ fọwọ́ sí ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn ìwé àdéhùn tí ejẹ́ńtì ń gbé fún èèyàn jẹ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ, iye owó àti ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń fi kún un. Onílé kì í kà á, ayálégbé tí ara ń kán láti kó ẹrù wọlé kì í kà á.

Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú: òfin 2011 náà kò dé gbogbo Èkó. Ó yọ Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Láwọn ibi wọ̀nyẹn, àdéhùn tí ẹ kọ àti òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi sọ̀rọ̀. Òfin àtijọ́ náà sì ti bá ìdun pàdé rí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sir Thomas Marrable gba ilé kan ní Brighton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti àga àti bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n rí i pé ìdun ti gba ibẹ̀ kan, ni wọ́n bá kó jáde. Onílé pè é lẹ́jọ́ nítorí owó ilé, àmọ́ ní ọdún 1843, kóòtù dá ayálégbé láre, wọ́n ní ẹni tó bá fi ilé tó ní ẹrù nínú sílẹ̀ fún èèyàn gbọ́dọ̀ rí i pé ó ṣeé gbé lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé. Kí ọdún yẹn tó parí, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn tún dé kóòtù, Hart àti Windsor ni wọ́n jọ ṣe é. Ìdun náà ló fà á. Ṣùgbọ́n ilé òfìfo ni wọ́n gbà lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹrù nínú rẹ̀, ayálégbé sì jẹ̀bi. Kóòtù ní ẹni tó bá gba ilé òfìfo, ojú rẹ̀ ló yẹ kó fi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, sọ ọ́ di dandan fún onílé níbẹ̀ pé kí ilé ṣeé gbé, ì báà ní ẹrù, ì báà má ní, àwọn ọmọ wa tó ń gba ilé ní London sì ń jàǹfààní rẹ̀. Nílé wa níbí, ìyàtọ̀ 1843 yẹn ṣì wúlò fún oníṣòwò láti mọ̀. Àwọn tó ń ra àga, bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n sínú fúláàtì kí wọ́n lè máa fi í sílẹ̀ fún àlejò fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní "shortlet", kí wọ́n mọ̀ pé owó oògùn ìdun jẹ́ ara owó òwò wọn. Wọn ò lè dì í ru àlejò tó sùn lánàá. Ẹni tó sì fẹ́ gba yàrá òfìfo, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ́jọ́ tó bá lọ wò ó. Kí ó tàn án sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, sí abẹ́ ibi ìfọwọ́, sí igun ògiri àti igi fèrèsé. Ìgbẹ́ eku, ipa ikán tó dà bí ìlà amọ̀ lára ògiri, àti àmì dúdú wínńdínwínńdín tí ìdun ń fi sílẹ̀ kì í fara pa mọ́ fún ẹni tó bá wá a.

Eku ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí pé ẹ̀bi rẹ̀ kì í sábà wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Yorùbá ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ eku kì í dúró kí ògiri lanu tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré nínú wọn lè gba ihò tí kò fẹ̀ ju pẹ́ńsùlù lọ wọlé, àgbà eku kò sì nílò ju ihò tó gba àtàǹpàkò. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ń gbà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bó bá jẹ́ abẹ́ páànù tí wọn ò dí, ẹ̀gbẹ́ páìpù omi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó ti jẹrà nísàlẹ̀, tàbí gọ́tà tí kò ní ọmọrí, iṣẹ́ onílé ni. Bó bá sì jẹ́ àpò ìrẹsì tó wà nílẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ tí wọn ò dé, páálí àtijọ́ tó ga dé òkè ògiri tí ẹnikẹ́ni kò gbé kúrò láti Kérésì, ayálégbé ló ń bọ́ eku. Ohun tó máa ń wà nínú ilé kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá ra oògùn eku láìdí ihò, yóò tún rà á lóṣù tó ń bọ̀.

Fún àwọn tó ń ta gààrì, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ náà kọjá àpò tó ya. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, ara eku kan ló ti ń wá, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ló sì sábà máa ń gbé e ran èèyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, àgàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará Ọ̀wọ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Gààrì tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì tàbí tí wọ́n kó sínú abọ́ tí kò ní ìdérí jẹ́ ọ̀nà kan tó ń gbà. Bí ayálégbé tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ké pe onílé pé eku ti pọ̀ jù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù.

Ti ikán yàtọ̀ pátápátá, kò sì gba àríyànjiyàn púpọ̀. Inú ilẹ̀ ni ikán ti ń wá. Ó ń gba ìpìlẹ̀ gòkè, ó ń bo ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀, ó sì ń jẹ férémù ilẹ̀kùn, igi sílíìnì àti igi òrùlé. Ara ilé ló ń jẹ, ilé sì ni onílé ní. Ìgbà tó rọrùn jù láti bá a jà ni kí wọ́n tó da kankéré ilẹ̀, nígbà tí oògùn ṣì lè wọ ilẹ̀ ìpìlẹ̀ dáadáa. Onílé tó bá fo iye yẹn dá lọ́jọ́ ìkọ́lé yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí wọ́n bá ń lu ihò yí ilé ká láti da oògùn sí i. Ohun kan ṣoṣo ló lè kó ayálégbé sínú wàhálà ikán: kó rí i, kó dákẹ́. Òfin ní kó sọ fún onílé bí ara ilé bá ń bàjẹ́. Ẹni tó fi kọ́bọ́ọ̀dù bo ipa ikán fún ọdún méjì kò ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ nígbà tí férémù bá wó. Ti kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí ikán jẹ, tirẹ̀ ni.

Ìdun ló le jù láti pín. Kì í ti inú ìpìlẹ̀ wá, kì í sì í gbé inú gọ́tà. Inú bẹ́ẹ̀dì, àga àlòkù àti ẹrù tó ti ibòmíràn dé ló ń bá wọlé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn onílé fi máa ń sọ pé ẹni tó gbé e wá ni kó gbé e lọ. Bó bá jẹ́ ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé, tí kò sí ìdun níbẹ̀ nígbà tó wọlé, ọ̀rọ̀ onílé tọ̀nà. Àmọ́ nínú ilé onípásẹ́ẹ̀jì, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní "face me I face you", ta ló fẹ́ jẹ́rìí pé yàrá kẹta ni ó ti bẹ̀rẹ̀, pé kì í ṣe yàrá karùn-ún? Ìdun ń gba ojú ògiri tó sán àti ihò wáyà iná kọjá láti yàrá dé yàrá. Ẹni tó bá dá yàrá tirẹ̀ nìkan fín, yóò rí wọn padà. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Níbi báyìí, ìṣirò sàn ju ìjà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó, kì í ṣe iye tí gbogbo ènìyàn ń gbà o. Bí yàrá mẹ́jọ bá dá pe afínkòkòrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì gba ₦12,000 lórí yàrá kan, ₦96,000 ni gbogbo ilé yóò ná, ọjọ́ tí wọ́n fín in kò sì ní bára mu. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ilé, ó lè gbà láti ṣe é ní ₦64,000, pásẹ́ẹ̀jì àti balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí onílé san ₦16,000 fún ibi àjọlò tó wà lọ́rùn rẹ̀, yóò ku ₦48,000, ìyẹn ₦6,000 fún yàrá kọ̀ọ̀kan, ìdajì ohun tí wọn ìbá san. Kí wọ́n sì bá afínkòkòrò sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé yóò padà wá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn púpọ̀ kì í pa ẹyin ìdun, àwọn ẹyin yẹn sì máa ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò ti yàrá pa fún oṣù kan kí ebi lè pa wọ́n ń tan ara rẹ̀ jẹ, torí àgbà ìdun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀.

Aáyán kò gba àlàyé tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń jáde láti inú sọ́kàwéè tó fọ́ tàbí ihò omi àjọlò, onílé ni kó tún un ṣe. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn sítóòfù àti inú kọ́bọ́ọ̀dù ayálégbé ló pọ̀ sí, ayálégbé ni kó nu ún kó sì fín in. Ẹ̀fọn náà bẹ́ẹ̀. Omi tó dúró nínú gọ́tà jẹ́ ti onílé, omi tó wà nínú táyà àti kórobá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti ẹni tó kó o síbẹ̀.

Kí owó oògùn tó jẹ́ ìjà, kí ẹ kọ́kọ́ wo oògùn náà fúnra rẹ̀, torí pé èyí ti pa ènìyàn. Àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré dichlorvos, 100 mílílítà sísàlẹ̀, ní ọdún 2019. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Sniper, oògùn oko sì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ti yàrá tí èèyàn ń sùn. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà àti àgbàdo tún ní ewu mìíràn, ìyẹn hóró oògùn aluminium phosphide tí wọ́n ń jù sínú àpò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ̀wà. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, gáàsì olóró ni yóò máa tú jáde, gáàsì náà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti òkè sílíìnì dé yàrá ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yẹ kí wọ́n lò ó nínú ilé tí èèyàn ń gbé rárá. Ayálégbé tó sọ yàrá kan di ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀wà, tó sì jù ú síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kò lè sọ pé òwò òun lòun ń ṣe bí ọmọ aládùúgbò bá kú. Onílé tó mọ̀ tó sì dákẹ́ náà yóò ní ìbéèrè láti dáhùn. Ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC lára ohunkóhun tí afínkòkòrò bá gbé wá, kí ẹ sì mọ wákàtí tí ó yẹ kí ilé fi wà láìsí ènìyàn.

Àwọn wolé-wolé ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n ti bá àwọn òyìnbó lọ. Láyé ìgbà náà, wọn a máa yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú Èkó láàárín 1924 sí nǹkan bí 1930, òun ló sì mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú tò. Òfin ìlera fún wolé-wolé lágbára láti wọ àgbàlá tó dọ̀tí, kí wọ́n sì já ìwé fún ẹni tó ni ín pé kó tún un ṣe láàárín ọjọ́ kan pàtó. Ọ́fíìsì ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n wà. Bí onílé bá kọ etí dídi sí gọ́tà tàbí ààtàn tó ń bí eku, ayálégbé lè lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀. Kí òun náà mọ̀ pé bí wolé-wolé bá dé, wọn ò ní wo ìta nìkan.

Àṣìṣe tó ń jẹ àwọn ayálégbé níyà jù ni pé wọ́n á fín oògùn, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé láìsọ fún onílé. Kò sí ibi tí òfin Èkó ti fún wọn láṣẹ yẹn. Owó ilé tí kò pé, gbèsè ni lójú kóòtù, onílé tó ti ń wá ọ̀nà láti lé ayálégbé jáde á sì ti rí ohun tó ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó náwó: iye tó jẹ́, oṣù tí wọn yóò yọ ọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ lórí fóònù tí onílé fi ránṣẹ́ tó ní ọjọ́ lára sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ìwé náà ni yóò pinnu ọ̀rọ̀ aránṣọ Mushin yẹn. Oníbàárà tó gbé léèsì wá, ọwọ́ aránṣọ ló gbé e lé, aránṣọ ló sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Oníbàárà kò mọ onílé. Nítorí náà aránṣọ ni yóò kọ́kọ́ bá a ṣe é. Bóyá onílé yóò dá nǹkan padà fún un wá kù sí ọwọ́ ìbéèrè kan: ṣé ó ti sọ fún onílé tẹ́lẹ̀ pé eku wà lójú àjà, tí onílé kò sì ṣe nǹkan kan? Bó bá ní ẹ̀rí pé òun kọ̀wé ní oṣù méjì sẹ́yìn, tòun ti fọ́tò ihò abẹ́ páànù, ó ní ẹjọ́ tó ṣeé gbọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí léèsì ya ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí eku, kò ní púpọ̀ láti sọ. Kí ó má sì gbọ́kàn lé ìbánigbófò, torí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn wọn ló yọ ohun tí eku àti kòkòrò bá bàjẹ́ sílẹ̀. Àpótí oníke tó ní ìdérí tó le, tí wọ́n ń kó aṣọ oníbàárà sí lálẹ́, kò wọ́n tó léèsì kan.

Àwọn onílé náà ní àṣìṣe tiwọn. Àwọn kan á mú afínkòkòrò wá láàárọ̀ kùtù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kí gbogbo ilé jáde. Òfin fún onílé láyè láti wọlé wo ilé rẹ̀ àti láti tún un ṣe, àmọ́ ojúmọmọ ni, ní àkókò tó bójú mu, lẹ́yìn tó bá ti kọ̀wé sọ ọ́. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ayálégbé kò gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, torí yàrá kan tí wọn ò fín lè ba owó gbogbo ilé jẹ́. Èyí tó burú jù ni onílé tó ṣí páànù orí ayálégbé, tó ní ikán lòun fẹ́ pa, tó sì jẹ́ pé kí ayálégbé lè kó jáde ló ṣe ṣe é. Ẹni tó bá ṣe irú èyí láìgba àṣẹ kóòtù lè san owó ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kó fi oṣù mẹ́fà gbára lẹ́wọ̀n. Bí òrùlé bá nílò àtúnṣe lóòótọ́, kí wọ́n jọ sọ ọjọ́ tí yóò gbà àti ibi tí ayálégbé yóò wà.

Bí ọ̀rọ̀ bá le ju ohun tí wọ́n lè dá yanjú, kí wọ́n má tíì sáré lọ bá lọ́yà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ ìpẹ̀tù-sáàwọ̀ kan, Citizens' Mediation Centre, tó wà láti ọdún 1999. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn, wọn kì í sì í gba owó. Wọn yóò pe ẹni kejì, àdéhùn tí wọ́n bá sì ṣe níbẹ̀ yóò wà ní kíkọ. Àbá òfin ilé gbígbà tuntun dé iwájú ilé aṣòfin Èkó ní ọdún 2025, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dé kóòtù kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wà ní Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, òfin ìpínlẹ̀ tiwọn ni kí wọ́n wò.

Ohun tó lè gba gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ nínú àgírímẹ́ǹtì: pé onílé fín ilé kí ayálégbé tó wọlé, ọjọ́ tó fín in sì rèé, pé ìpìlẹ̀, òrùlé, gọ́tà àti ibi àjọlò jẹ́ ti onílé, pé inú yàrá jẹ́ ti ayálégbé, àti iye ọjọ́ tí onílé yóò fi dáhùn bí ayálégbé bá kọ̀wé sí i nípa eku tàbí ikán. Ejẹ́ńtì tó bá ní kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù, kó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i.

Bí oògùn bá wà lára owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ sí owó ilé, òfin ní kí onílé tàbí ejẹ́ńtì já ríséètì ọ̀tọ̀ fún un, kí ó sì fún ayálégbé ní ìṣirò kíkọ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Owó ìdógò tí wọ́n gbà nítorí ìbàjẹ́ náà wà nínú òfin yìí. Onílé tó bá fẹ́ yọ owó oògùn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ayálégbé ń kó lọ gbọ́dọ̀ lè fi ríséètì afínkòkòrò hàn, kí ó sì lè sọ bí ilé ṣe wà lọ́jọ́ tí ayálégbé kó wọlé. Fọ́tò tí wọ́n jọ yà lọ́jọ́ yẹn, tí oníkálùkù ní tirẹ̀ lọ́wọ́, ló sábà máa ń parí àríyànjiyàn náà.